Mẹ́jọ Nínú Mẹ́wàá

Ó tún ń pè. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ orin ìparí ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé ló ti ń pè; orin ti tán, àwọn èèyàn ti lọ sílé lọ jẹ ìrẹsì wọn, òun kò tíì dákẹ́. Mi ò dá a lóhùn. Mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìwé, mo ń gbọ́ ọ. Kò tíì pè mí bó ṣe yẹ kó pè mí. Òfin ilé yìí kò yí padà. Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ déètì sí i, kó wá dúró de ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi.

Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin. Òun ni.

Clement. Ọkọ mi. Olùkọ́ yunifásítì, ọmọ Èkìtì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ máa ń gbọ̀n bó bá yanu sọ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù kẹfà tí ẹ̀gbà ti dá a dùbúlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò gbé nǹkan, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò rìn, Gẹ̀ẹ́sì sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó tán pátápátá bí omi ẹ̀rọ Ẹ́sítéètì Ìbà ṣe ń tán, tí yóò ku afẹ́fẹ́ nìkan tí ń hó nínú páìpù. Dókítà ní èyí tó kọ́ nílé ìwé ló lọ, èyí tó mu mọ́ wàrà ọmú kò ní í lọ. Mo ní ó yé mi, sà. Mo délé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Èkìtì nìkan ló kù. Omi. Inú. Ìye mi.

Ìye mi ló ń pè báyìí. Ìyá mi, ní èdè tiwọn.

Inú ló ń dùn ún. Mo mọ̀. Ta ni mo fẹ́ purọ́ fún? Láti Ọjọ́rú ni mo ti rí i, nígbà tí mo ń pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn: ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló fi di ikùn mú, apá ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún, níbi tí… Ó ń wò mí. Mo gbé bébà kan sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ki bíírò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní ẹ kọ ọ́, sà. Ọwọ́ òsì kò mọ̀wé kọ. Ó fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀. Mo gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú bíírò pupa, mo kọ òdo sí i. Òdo nínú mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń fún un ní òdo.

Tẹ́lẹ̀ rí, nínú ọkàn mi pàápàá, "wọ́n" ni mo máa ń pè é. Wọ́n ti dé. Wọ́n ń bínú. Láti oṣù kẹfà, "ó" ni. Kò sí ẹni tó gbọ́. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu bí ẹran tí a jí jẹ.

Àríkẹ́ tó ń gbé ní ojúkojú wa ti kanlẹ̀kùn láàárọ̀ yìí. "Ìyá Yéjídé, bàbá ń ké o. Mò ń gbọ́ wọn láti kíṣìnnì mi." Mo ní wọ́n ti lo oògùn. "Oògùn wo lèèyàn ń lò tó ń ké báyìí? Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi gbé mọ́tò wá, ká gbé wọn lọ." Mo ní ẹ ṣé. Mo ti ilẹ̀kùn. Obìnrin yìí ti kan ilẹ̀kùn yìí rí. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó dúró síbi tó dúró sí láàárọ̀ yìí gẹ́lẹ́, ó ní… Rárá. Mi ò tíì débẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ní ètò. Bó ṣe wà nínú ìwé ni n óò ṣe tò ó.

Ìwé méjì ló wà. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni tèmi. Inú rẹ̀ ni mo ń da gbogbo nǹkan ilé yìí kọ sí: ọjọ́ tí eyín ká lẹ́nu ọmọ, ọjọ́ tí ibà mú ẹni tó mú, ta ló ráhùn, kí ló ráhùn sí, máàkì mélòó ni wọ́n fún un. Kò sí ẹni tó ní kí n máa ṣe é. Èkejì ni ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù, eléwé ọgọ́ta, tó máa ń wà lórí fíríìjì nígbà náà. Ìyẹn ni tirẹ̀.

Nígbà tí a ń gbé ní Okokomaiko, lẹ́yìn ìsọ̀ bàbá mi tó ń lẹ táyà, ẹni tí nǹkan bá ṣe á ké. Á ká ọwọ́ lérí, á ké. Kó tó ké ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyá kan á ti ju ṣíbí sínú ìkòkò, á ti sáré dé. Ohun tí ẹkún wà fún nìyẹn. Clement kórìíra rẹ̀. Nígbà tó rí ilé gbà ní Ẹ́sítéètì lọ́dún 1984, tí a bọ́ sáàárín àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ògiri tó wà láàárín wa kò nípọn ju páálí lọ, ọjọ́ kejì ló ti ra ìwé búlúù, ó so bíírò mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní ariwo Okokomaiko kò ní í bá òun wọ ilé yìí. "Felicia, Gẹ̀ẹ́sì ní yàrá fún gbogbo ẹkún. Wá yàrá tó gba tìrẹ kó o tó yanu."

Bí a bá jẹ ìrẹsì tán lọ́jọ́ Ìsinmi, á nu ẹnu, á wọ awò, á yọ bíírò pupa nínú àpò àyà. Á ka ẹ̀dùn kọ̀ọ̀kan sókè, á fún un ní máàkì. Èyí tó bá gba márùn-ún sókè, á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe sípẹ́lì ló ń wò jù. Ìwà ló ń wò. Ẹ̀dùn tó bá dúró ṣinṣin, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó sọ tẹnu rẹ̀ láì gbé ohùn sókè, ìyẹn ló ń rí máàkì gbà.

Oṣù kọkànlá ọdún náà, bàbá mi kú. Táyà lọ́rì ló bẹ́ mọ́ wọn lójú. Ẹkún ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Clement na ìka sí orí fíríìjì. Mo lọ kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ: I am sorry my father is dead. Ó máàkì rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ó kà á sókè létí ọmọ wa. Ó ní sorry kẹ̀? Ṣé ìwọ lo pa á ni? Sorry ni tẹni tó tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Wọ́n sì ti sin bàbá mi lánàá ọjọ́ náà. Mo ti dúró létí sàréè láàárín àwọn èèyàn wa aláṣọ funfun tí wọ́n ń wa ẹkún mu, ojú mi gbẹ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹkún mi ṣì wà lórí fíríìjì. Wọn ò tíì máàkì rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ta ló lè rí ìyẹn kó sọ pé mo ṣìkà? Kó máa ké. Kó ké dọ̀la.

…

Ó ti rọlẹ̀ díẹ̀. Rárá. Ó tún gbé e.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìsìnkú ni mo lọ sí Okokomaiko, mo ra ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí àpò ìrẹsì létí títì. Èèpo rẹ̀ ti já. Mo ń kọ́ ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn nìkan. Mi ò wá ti ayọ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè ayọ̀ lọ́wọ́ mi. Grumble: kíkùn sínú, ti ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Moan: ìkérora, ti aláìsàn àti ti ajá. Regret: àbámọ̀, èyí wọ táì. Grievance: ẹ̀dùn ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́. Mo ń wọ̀n wọ́n lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 1985 fi máa parí, mo kọ ọ́ pé mo ní grievance nípa ẹ̀rọ omi kíṣìnnì tó ń jò. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó ń tún páìpù ṣe ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mo mọ adùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi Felicia, ọmọ ẹni tó ń lẹ táyà. Mo sọ̀rọ̀, omi dúró.

Oṣù kejì lọ. Oṣù kẹta dé. Oṣù kẹta…

Mò ń bọ̀! — Ta ni mo dá lóhùn? Èmi kọ́. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé mo sọ ọ́.

Yéjídé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá Clement ti kú lọ́dún tó ṣáájú ìbí rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Yéjídé. Ìye mi ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é. Á ti ẹnu ọ̀nà pè é, Ìye mi o, á ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ọmọ á fi ẹ̀rín wó sórí àga. Àwọn nìkan ni Èkìtì wà fún nínú ilé yìí. Òun àti ọmọ náà. Wọn kì í sọ ọ́ sí mi.

Ṣé ìyá rẹ̀ ló ń pè nínú yàrá yẹn? Kì í ṣe ìyá rẹ̀. Ọmọ ló ń pè. Kó pè é dáadáa. Òun ló mọ ibi tó wà.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi láti oṣù kẹfà ni mo ń gbé ìwé ńlá tèmi lọ síwájú rẹ̀, mo ń ka ojú ìwé kan ṣoṣo fún un. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta, 1985, Ọjọ́rú. Yéjídé: I wish to express discomfort in the region of my stomach. Ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ Ìsinmi: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Very good. Ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ìdájí: ó kú. Bí mo bá dé "mẹ́jọ", omi á máa dà lójú òsì rẹ̀. Ti ọ̀tún kò lè sunkún mọ́. Mo máa ń dúró síbẹ̀ kí n rí i dáadáa. Mo máa ń ka "mẹ́jọ" lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí ìwọ lo fún un ní mẹ́jọ. Ìwọ lo ní ọmọ tó ń kú ṣe dáadáa. Máàkì tó ga jù lọ nínú ìwé náà láti ọjọ́ tí a ti ń kọ ọ́, o fi lé ọmọ mi lórí bí adé, o fún un ní súwíìtì mẹ́ǹtì kan, o ní kó lọ sùn. Dókítà ní ìfun kan ló wú tó bẹ́ sínú. Dókítà ní, "Bí ẹ bá ti gbé e wá lọ́jọ́ Ìsinmi…" Kò parí rẹ̀.

Lónìí, mo ní kíkà kò tó mọ́. Ó ti mọ́ etí rẹ̀ lára. Mo ní lónìí, n óò jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí bíírò pupa, lẹ́tà ọwọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe lọ sídìí àpótí aṣọ, tí mo yọ ìwé búlúù náà láàárín yunifọ́ọ̀mù ọmọ tí mo fi wé e lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìgbà tí mo ti da gbogbo rẹ̀ kọ sínú tèmi, mi ò tún ṣí i mọ́. Òun náà ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi yìí. Ó ti ṣí. Láti ìgbà tí mo ti jókòó ló ti ṣí.

Pupa náà rèé. Mẹ́jọ. Ó fa ìlà sí i nídìí, ìlà méjì.

Kí ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí?

Wọ́n pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ìwé ti fẹ́ lu jáde. Pẹ́ńsù ni ọmọ máa ń lò, á tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gbẹ́ igi, á yọ ahọ́n síta bó bá ń kọ. Ìrẹ́sà pa dúdú rẹ̀ rẹ́, kò pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ rẹ́. Bí mo bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé báyìí… My stomach is… My stomach is paining me very bad. I cannot stand up. Daddy please.

Daddy please.

Èyí kò sí nínú tèmi. Mo kọ gbogbo nǹkan. Mo kọ ọjọ́ tí fíríìjì bàjẹ́. Èyí kò sí níbẹ̀.

Àti ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bíírò búlúù. Lẹ́tà ta rèé? Pain, wọ́n fagi lé e. Ache, wọ́n fagi lé e. Suffering, wọ́n fagi lé e. Discomfort. Wọn ò fagi lé ìyẹn. Lẹ́tà d tó ní ìrù. Ta ló máa ń fi ìrù sí d nínú ilé yìí?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n tò ó. Ètò. Ọjọ́rú. Ọmọ ti ilé ìwé dé, ó tẹ̀, ó ní Mọ́mì, inú ń run mí. Mo ní ìwé ńkọ́? Ó kọ ọ́. Ó gbé e wá fún mi wò, nítorí gbogbo ilé ti mọ̀ pé mo ti ń rí mẹ́fà gbà. Mo kà á. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni yóò fún èyí ní máàkì, paining paining bí ará ọjà? Mo ní jókòó, jẹ́ kí n bá ọ wá èyí tó rẹwà. Ó jókòó sílẹ̀, ní ẹsẹ̀ àga yìí, ó fi orí ti tábìlì. Ó ní Mọ́mì. Mo ní mò ń bọ̀. Mò ń ṣí ìwé atúmọ̀. Ó ní Mọ́mì. Mo ní mò ń bọ̀, mo ti dé D.

Discomfort: àìrọ̀rùn. Mo rántí ojú ìwé náà. Àìrọ̀rùn: bí bàtà tó há, bí àga tó le. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí pé mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń wọ̀n wọ́n. Mo mọ ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì tutù lẹ́nu, kò gbé ohùn sókè. Mo pa ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ́. Ọwọ́ mi ló mú ìrẹ́sà. Mo pe èyí tó rẹwà fún un, ó kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ ń yọ̀ kúrò lórí ìlà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àríkẹ́ kanlẹ̀kùn. "Ìyá Yéjídé, ọmọ yìí ń sunkún, kì í ṣe ẹkún lásán. Ẹ gbé e jáde." Èmi tó jẹ́ pé ẹkún bí èyí ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Mo gbé àgbọ̀n sókè, mo fún obìnrin náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní it is only a discomfort. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wò mí bí ẹni tí mo tutọ́ sí lára, ó yí padà.

Ọjọ́ Ìsinmi… ọjọ́ Ìsinmi náà. Wọ́n kà á sókè. Wọ́n yọ awò. Wọ́n wo ọmọ tó ká jọ sórí àga gígùn, wọ́n wá wò mí. Wọ́n gbàgbé òfin. Yorùbá ni wọ́n fi bi mí, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilé gbọ́. "Felicia, ṣé kò jù báyìí lọ ṣá?"

Wọ́n bi mí.

Èmi ni wọ́n bi. Bíírò pupa wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tíì kọ nǹkan kan. Bí mo bá ti sọ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fún un ní méjì, wọ́n á ní a ti tàn wọ́n jẹ, wọ́n á gbé ọmọ wọ mọ́tò. Mo mọ̀ pé wọ́n á gbé e. Ìye wọn ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bíírò ti ń rọ̀ síbi máàkì ńlá. Mo fẹ́ ẹ. Ojú mi wà lára bíírò náà, kò sí lára ọmọ. Mo ní, "It is as written, sir." Bó ṣe wà nínú ìwé náà ni, sà.

Mẹ́jọ.

Kì í ṣe ọmọ ni wọ́n fún. Èmi ni. Èmi ni mo gba mẹ́jọ. Inú mi dùn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń fọ abọ́, mò ń kọrin. Bó ṣe di ọjọ́ Ajé tí ọmọ dákẹ́, tí kò ké mọ́, mo dúpẹ́. Mo ní ó ti sùn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbà pé àwọn ló pa á. Wọn ò sọ ọ́ rí pé, Felicia, ìwọ ni mo bi. Bóyá wọ́n ti gbàgbé. Bóyá wọn ò gbàgbé. Wọn ò lè sọ ọ́ báyìí. Mo ti rí sí ìyẹn, mo ń fún wọn ní òdo.

Ẹ gbọ́.

Ilé dákẹ́.

Láti ìgbà wo? Ìgbà tí mo gbé ìwé sí fèrèsé, ó ṣì… wọ́n ṣì ń pè. Àbí wọn ò pè? Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yìí. Mo ti gbọ́ ọ rí láti orí àga yìí. Ìrẹsì mi ti dì nínú abọ́. Àríkẹ́ wà ní kíkàn ilẹ̀kùn kan péré sí mi, mọ́tò ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀, mo rí òrùlé rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Kí n ṣáà yanu. Kí n ké bí wọ́n ṣe ń ké lẹ́yìn ìsọ̀ bàbá mi, kí ẹnìkan ju ṣíbí sílẹ̀.

Mò ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wò mí. Ọ̀rọ̀ ni mò ń wá.

Ohùn kan. Ó kéré, ó rọ̀, bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

"Ìye mi."

"Mò ń bọ̀," ni mo wí. Ó jáde lẹ́nu mi lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ọ. Ohùn Ọjọ́rú yẹn gan-an ni, orí àga yẹn gan-an ni, ọwọ́ mi ṣì wà lójú ìwé.